Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Gbólóhùn kání nínú script Python àti àkójọ ọ̀rọ̀ kan láti Odomèta

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé bí a ti ń lo gbólóhùn kání nínú Python, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè tí wọn kò tíì kọ script rí. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ wá láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ tí mo ṣe ní Odomèta, níbi tí ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta ti pàdé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀ka tó gbẹ̀yìn nínú gbólóhùn kání, ìyẹn `else`, ni àwa olùwádìí máa ń fi àìmọ̀ wa pamọ́ sí láìfura, àti pé ó ṣeé ṣe kí a kọ ọ́ kí ó má rí bẹ́ẹ̀.

1. Ìfáárà

Odomèta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kétu, ní ẹkùn Plateau, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kó àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ń lò fún iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mi jọ. Èmi nìkan kọ́ ni mo kọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn ará ìlú tó mọ̀wé ràn mí lọ́wọ́: wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n tẹ́tí sí wọn, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sínú ìwé àjákọ. Ìwé mẹ́ta ló kún. Ìgbà tí mo jókòó láti tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ni mo tó rí i pé àkọtọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọwọ́ kìíní ni ti ẹni tó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Faransé, bíi tèmi. Lẹ́tà Faransé ló fi ń kọ Yorùbá: è dúró fún ẹ, é dúró fún e, ou dúró fún u, kò sì sí àmì ohùn rárá. Bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ìlú wa sára pátákó ojú títì nìyẹn: Kétou, Pobè, Odomèta.

Ọwọ́ kejì ni ti ẹni tó lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbà. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni òun ń lò, èyí tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ ni a ń kọ níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ, sh ni a ń kọ fún ṣ, kp ni a sì ń kọ fún ìró tí Nàìjíríà ń kọ ní p.

Ọwọ́ kẹta ni ti ẹni tó ní mọ̀lẹ́bí ní Ìmẹ̀kọ, tó sì ń ka Bíbélì Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà. Kò yà mí lẹ́nu. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi àdéhùn 1889 fà ló fi Kétu sí apá kan, tó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ìlú Kétu bákan náà, sí apá kejì. Àwọn ènìyàn kò torí ìyẹn dẹ́kun láti máa bẹ ara wọn wò, ìwé sì ń bá wọn rìn.

Ìṣòro ibẹ̀ hàn bí a bá wo lẹ́tà kan ṣoṣo: è. Lọ́wọ́ ẹni kìíní, ẹ ni, a kò sì mọ ohùn rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni kejì àti ẹnì kẹta, e ni, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. Àmì kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di àkọtọ́ kan gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà ìgbà tí è jẹ́ ẹ àti ìgbà tí kò jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ gbólóhùn kání nìyẹn.

2. Ohun tí gbólóhùn kání ń ṣe

Script ni àkọsílẹ̀ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń kà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tó sì ń ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí gbólóhùn kání nínú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yóò gbà kọjá. Gbólóhùn kání ni oríta tó wà lójú ọ̀nà náà. Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé ti mọ̀ ọ́n láti kíláàsì gẹ́gẹ́ bí si, alors, sinon. Báyìí ni Python ṣe ń kọ ọ́:

    if akowe == "faranse":
        oro = oro.replace("è", "ẹ")
    else:
        print(oro)

A lè kà á báyìí: bí akọ̀wé bá jẹ́ ọwọ́ Faransé, fi ẹ rọ́pò gbogbo è tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde bó ṣe wà. Ohun mẹ́ta ló máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú níbẹ̀. Èkíní, àmì = kan ṣoṣo ń fi nǹkan sínú orúkọ; méjì pọ̀, ==, ló ń béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba. Èkejì, àmì : ló ń parí ìbéèrè náà. Ẹ̀kẹta, àlàfo tó wà níwájú ìlà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń sọ fún Python pé ìlà yìí wà lábẹ́ `if`, àti pé ìlà tó tẹ̀lé e ti bọ́ síta. Ẹni tó bá ti Praat wá yóò rí ìyàtọ̀: níbẹ̀, = kan ṣoṣo tó láti fi béèrè, ẹ̀ka àárín ń jẹ́ `elsif`, `endif` ló sì ń ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. `if` kì í ṣe “bí… bá” tiwa gẹ́lẹ́. Bí mo bá sọ fún yín pé “Bí òjò bá rọ̀, n kò ní lọ sí oko”, ẹ ó gbà pé bí òjò kò bá rọ̀, èmi yóò lọ. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ fi í kún ọ̀rọ̀ mi. Geis àti Zwicky ṣàlàyé irú àfikún yìí ní 1971 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá tiwa mu. Kọ̀ǹpútà kì í fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ ẹni. Bí `if` kò bá ní `else`, tí ohun tí a béèrè kò sì jẹ́ òótọ́, yóò kọjá lọ láìsọ nǹkan kan.

Ìyàtọ̀ kejì ni ti àkókò. “Bí ilẹ̀ bá mọ́, mà á wá” kò ní iyèméjì nínú: gbogbo wa mọ̀ pé ilẹ̀ yóò mọ́, à ń dúró dè é ni. `if` kì í dúró de ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń béèrè, ní ìgbà tó bá dé orí ìlà náà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

3. Bí èrè ṣe di ẹrẹ̀

Script mi àkọ́kọ́ kò ní kání kankan. Ìwé ọwọ́ kìíní ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù yóò rí. Mo pàṣẹ pé kí gbogbo è di ẹ, kí gbogbo é di e. Iṣẹ́ náà dára lórí ìwé kìíní. Nígbà tí mo tẹ ìwé kejì àti ìkẹta tán, mo lo script kan náà lé wọn lórí. Èdè di ẹdẹ. Èjì di ẹjì. Èrè di ẹrẹ.

N kò rí i. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀, ojú sì ti rẹ̀ mí. Nígbà tó yá mo padà sí Odomèta láti ka àkójọ náà sétí àwọn tó sọ ọ́. Ìyá kan tó ń ta gàrí ti fún wa ní àpẹẹrẹ kan nípa ọjà rẹ̀: “Èrè rẹ̀ kò tó nǹkan.” Ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ni ẹrẹ, láìsí àmì ohùn, mo sì kà á bí ó ṣe wá sí mi lọ́kàn: “Ẹrẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan.” Ìyá wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, gàrí ni mò ń tà o. Ta ló bi mí léèrè ẹrẹ̀?” Àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo ṣì í kọ.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Bí mi ò bá kà á sókè ni, ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí kò sọ ni ìbá wọ inú ìwé mi lórúkọ Odomèta, àwọn ẹlòmíràn ìbá sì ti ibẹ̀ mú un lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

    if akowe == "faranse":
        oro = oro.replace("ou", "u")
        oro = oro.replace("è", "ẹ").replace("é", "e")
        oro = oro.replace("kp", "p")
    elif akowe == "mookomooka":
        oro = oro.replace("ɛ", "ẹ").replace("ɔ", "ọ")
        oro = oro.replace("sh", "ṣ").replace("kp", "p")
    elif akowe == "naijiria":
        pass
    else:
        print("Ta ló kọ èyí?", oro)

`elif` túmọ̀ sí “bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí èyí bá sì rí báyìí”. Python ń dán wọn wò láti òkè; ẹ̀ka àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ òótọ́ ló máa ń ṣe, kò sì ní wo ìyókù mọ́. `pass` ní tirẹ̀ túmọ̀ sí “má ṣe nǹkan kan”: àkọtọ́ Nàìjíríà ni mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ dà, nítorí náà ìwé kẹta ti wà bó ṣe yẹ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí kání yìí ń béèrè. Kò béèrè nǹkan kan nípa lẹ́tà. Ẹni tó kọ ọ́ ló ń béèrè. Kò sí ohunkóhun nínú è fúnra rẹ̀ tó lè sọ bóyá ti Faransé ni tàbí ti Yorùbá. Inú òpó kan tó ń jẹ́ akowe, tí mo fi kún fáìlì mi, ni ìdáhùn náà wà, èmi fúnra mi ni mo sì kún un, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ìwé àjákọ lọ́wọ́. Script kò lè béèrè ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Nítorí náà, láti ìta ni kání ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí a ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò pọn dandan kí a kọ orúkọ ènìyàn. Kí a ṣáà sọ irú àkọtọ́ tó lò.

4. Èyí tó ṣe pàtó ni kó ṣáájú

Nítorí pé ẹ̀ka àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ òótọ́ ló ń borí, ètò ṣe pàtàkì. Kí n tó yí àkọtọ́ ìwé kejì padà, mo fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ tó fi k bẹ̀rẹ̀ àti iye tó fi kp bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

    if oro.startswith("k"):
        iye_k = iye_k + 1
    elif oro.startswith("kp"):
        iye_kp = iye_kp + 1

Òdo ni iye kp. Síbẹ̀ kpukpa wà nínú ìwé náà, mo rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá fi kp bẹ̀rẹ̀ ti fi k bẹ̀rẹ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, torí lẹ́tà ló ń wò, kì í ṣe ìró. Ẹ̀ka kìíní ti gbé kpukpa pọ̀ mọ́ kúkúrú, ẹ̀ka kejì kò rí nǹkan kan gbà. Python kò kéde àṣìṣe kankan, nítorí kò sí àṣìṣe nínú gírámà rẹ̀. Bí a bá gbé kp sókè, tí k sì tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ yóò tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún g àti gb, s àti sh.

Ẹni tó bá ti ka fonọ́lọ́jì yóò ti mọ ìlànà yìí. Òun ni Kiparsky sọ di gbajúgbajà ní 1973 lábẹ́ orúkọ Elsewhere Condition, tó sì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lé Pāṇini, onígírámà Sanskrit, lọ́wọ́: níbi tí òfin méjì bá ti lè ṣiṣẹ́, èyí tó ṣe pàtó jù ló ń ṣáájú, òfin gbogbogbòò a sì mú ìyókù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú fonọ́lọ́jì, a gbà pé gírámà fúnra rẹ̀ mọ èyí tó ṣe pàtó. Python kò mọ̀ ọ́n. Àwa ni a ó tò ó.

Ìdí kan náà ni mo fi kọ́kọ́ yí ou padà sí u fún ọwọ́ Faransé. Bí mo bá kọ́kọ́ wá o kiri, o inú Kétou yóò wà lára àwọn tí mo rí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe o rárá. Ìdí kan náà sì ni òfin ou kò fi gbọdọ̀ jáde kúrò lábẹ́ `if` tirẹ̀: bí ó bá dé ìwé kẹta, yóò jẹ́ o inú “òun” bí wọn kò bá fi àmì sí i.

5. Ohun tí ojú rí, tí ẹ̀rọ kò rí

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tọ́jú è sínú kọ̀ǹpútà lábẹ́ Unicode. Ó lè jẹ́ àmì kan, U+00E8. Ó sì lè jẹ́ méjì, e tí U+0300 tẹ̀lé. Lójú wa, kò sí ìyàtọ̀. Lójú `==`, wọn kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ tí mo fi fóònù tẹ̀ àti èyí tí mo fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ kò fi ọ̀nà kan náà tọ́jú è, nítorí náà `if` mi ń mú díẹ̀, ó ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Ti Yorùbá tún le ju ti Faransé lọ: ẹ ní àmì tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n kò sí àmì ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn kún un.

Oògùn rẹ̀ ni kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan kí a tó béèrè ohunkóhun:

    import unicodedata
    oro = unicodedata.normalize("NFC", oro)

NFC ń pa àwọn tó ṣeé pa pọ̀ pọ̀. NFD ń tú wọn sọ́tọ̀. Mo ń lo NFC kí n tó fi lẹ́tà rọ́pò lẹ́tà, mo sì ń lo NFD bí mo bá fẹ́ wá àmì ohùn.

6. Ẹ̀ka tó gbẹ̀yìn

Mo wá dé ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà pátápátá. Mo fẹ́ mọ bí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pín sórí àwọn sílébù inú àkójọ mi. Mo tú ọ̀rọ̀ sí sílébù, mo lo NFD, mo sì kọ:

    if "\u0300" in silebu:
        ohun = "isale"
    elif "\u0301" in silebu:
        ohun = "oke"
    else:
        ohun = "aarin"

Ó dà bí ẹni pé kò sí àléébù nínú rẹ̀. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, a kì í fi àmì sórí ohùn àárín. Nítorí náà, sílébù tí kò ní àmì, ohùn àárín ni. Èsì tó jáde sì dùn mọ́ mi: ohùn àárín pọ̀ gan-an ní Odomèta. Mo ti ń múra láti gbé e lọ sí ìpàdé ìjíròrò, mo sì ti ń wá àlàyé tí mo máa fi tì í lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan ló dá mi dúró. Mo wá igba nínú èsì náà. Mo rí i ní ìlà mẹ́ta, àárín-àárín ni gbogbo wọn, ìtumọ̀ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn sì ni: igba tí a ń kà, igbá tí a fi ń bu omi, àti ìgbà tí í ṣe àkókò. Ta ni ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà? Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Odomèta. Ọwọ́ kìíní ló kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí kì í kọ àmì ohùn.

`else` mi ti da ohun méjì pọ̀: “ohùn àárín ni” àti “akọ̀wé kò kọ ohùn”. Àìsí àmì lọ́wọ́ ẹnì kẹta jẹ́ ìròyìn. Àìsí àmì lọ́wọ́ ẹni kìíní kì í ṣe ìròyìn kankan. Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn olùkọ́ mi kì í ṣe ohùn àwọn ará Odomèta. Ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ni, tó kọ́ wa láti máa kọ èdè wa láìkọ ohùn rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ, àwọn ló sì ṣáájú:

    if akowe == "faranse":
        ohun = "a ko mo"
    elif "\u0300" in silebu:
        ohun = "isale"
    elif "\u0301" in silebu:
        ohun = "oke"
    else:
        ohun = "aarin"

Lẹ́yìn èyí, ohùn àárín dínkù, òpó “a kò mọ̀” sì kún. Èsì náà kò wuni bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Kì í ṣe dandan kí kání jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan. IF inú FORTRAN tí IBM gbé jáde ní 1957 ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan bí iye náà bá dín sí òdo, ọ̀kan bí ó bá jẹ́ òdo, ọ̀kan bí ó bá ju òdo lọ. Iye ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ tiwa ní ni kí a kà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kí a sì fi ọ̀nà kan kún un fún ohun tí a kò mọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má ṣe fi èsì kankan sínú `else` àfi bí a bá lè dárúkọ gbogbo ohun tó lè bọ́ síbẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí `else` máa tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí ó dá iṣẹ́ dúró pátápátá:

    else:
        raise ValueError(oro)

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kání kankan kò lè tú. Ọwọ́ kìíní kọ owo. Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ òwò. Níbi tí ìtumọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a lè yàn. Níbi tí kò bá sí, script mi ń kó o sínú fáìlì kan tí mo pè ní “bi wọ́n léèrè”.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun márùn-ún ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ. Kí a kọ irú àkọtọ́ tí akọ̀wé lò sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a gba ọ̀rọ̀. Kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú Unicode kan kí a tó béèrè ohunkóhun. Kí ẹ̀ka tó ṣe pàtó ṣáájú èyí tó gbòòrò. Kí `else` máa sọ̀rọ̀ dípò kí ó máa bo nǹkan mọ́lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, kí a ka èsì wa sókè sétí àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

Mo gbé fáìlì “bi wọ́n léèrè” padà lọ sí Odomèta. Ìyá tó ń ta gàrí ni mo kọ́kọ́ jókòó tì. Kí n tó ṣí ìwé, ó ní, “Ṣé ẹ ti yọ ẹrẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi?” Mo ní, “A ti yọ ọ́, Ìyá.” A wá bẹ̀rẹ̀ láti orí owo.